Ẹni Tó Kọ̀ Láti Tà Fún Mi

Táyà kékeré ni, kò ju abọ́ ìfọwọ́ lọ,
ṣùgbọ́n òun ni ọkọ̀ òfuurufú fi ń kí ilẹ̀.
Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń wá a.

Ní Ládípọ̀, ọmọkùnrin kan gbé ọ̀kan jáde,
ó ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún,
ó ń dán bí bàtà ọmọ iléèwé ní ọjọ́ Ajé.
"Ọ̀gá, tuntun ni, òkè òkun ló ti dé."
Mo fi èékánná ha á. Ọ̀dà bó.
Abẹ́ rẹ̀ ti sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀.

Ní Ìdúmọ̀tà, táyà ọmọlanke ni wọ́n fi hàn mí.
"Ṣebí róbótó náà ni?"
Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi kò dùn.

Ṣómólú ni mo ti bá Sàbítíù,
ìyá àgbà tó fi okùn so awò ojú mọ́rùn,
ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣókùnkùn, ó tutù,
táyà sùn nínú aṣọ bí ọmọ tuntun.
Ó ka nọ́ńbà ara ọ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
bí ẹni ń ka lẹ́tà ọmọ tó wà lájò,
ó sì gbé e padà sórí pẹpẹ.
"Ọjọ́ orí èyí ti pọ̀. N kò tà á."
"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la ni ọkọ̀ yóò gbéra."
"Kó jókòó. Òmíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.
Àwọn wo ni yóò wà nínú rẹ̀?"

N kò mọ orúkọ wọn.

Mo pe ọ̀gá mi ní Ìkẹjà:
"Mo ti rí ẹni tí a ó máa rajà lọ́wọ́ rẹ̀."
"Táyà ńkọ́?"
"Táyà kò tíì sí."