Láàárín Tucker àti Tully

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, oṣù kọkànlá,
yìnyín ti bo gbogbo àgbàlá ilé ẹ̀kọ́.
A gbé àpótí ìbò sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá,
abẹ́ agbọ̀n tí àwọn ọmọ ń ju bọ́ọ̀lù sí gan-an,
mo sì jókòó ti ìwé orúkọ, láti S dé Z.
Ọdún kọkànlá rèé tí mò ń ṣe é.
Owó ibẹ̀ kò tó ra táyà kan.

Verlene Tuggle wọlé, ó ń gbọn yìnyín kúrò lára bàtà.
Ta ni kò mọ Verlene ní Pickett Fork?
Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi,
òun náà ló tú ìbàdí rẹ̀ lóru
kó lè gba oyún oṣù mẹ́rin tí ìyá mi kò mọ̀ sí.

Mo fi ìka tọ ìlà:
Trimble. Troyer. Tucker. Tully.
Mo padà sókè.
Tucker. Tully.
Eyín tó bá yọ a máa fi àyè sílẹ̀ lẹ́nu.
Àlàfo àárín àwọn méjì yìí kò gba abẹ́rẹ́.

"Verlene, orúkọ yín ò sí níbí."
Ó rẹ́rìn-ín. "Tún un wò, Nadine. Ojú ló ń dùn ọ́."

Ọdún mẹ́fà ló fi wà ní Toledo,
tó ń fi ṣíbí bọ́ àbúrò rẹ̀,
tó ń yí i sọ́tùn-ún, tó ń yí i sósì,
kí egbò má baà jẹ ẹ́ lẹ́yìn.
Ìjọba fi káàdì kan ránṣẹ́ sílé rẹ̀,
káàdì tó jọ ti àwọn tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì;
òun àti ti kápẹ́ẹ̀tì jọ wọ agolo ìdọ̀tí.
Òfin ní ẹni tí kò dìbò, tí kò sì fèsì,
ó ti ṣí lọ nìyẹn.

Delbert Yoakum, alákìíyèsí ẹgbẹ́, gbọ́ wa láti orí àga rẹ̀.
Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló ń kó yìnyín ẹnu ọ̀nà mi.
Ó ní, "Ilé tí a kò bá gbá, aáyán ni yóò jogún rẹ̀.
Òkú wà nínú ìwé yẹn. Ẹni tó ti kó lọ sí Arizona wà níbẹ̀.
Bí ìwé bá dọ̀tí, ta ni yóò gba èsì rẹ̀ gbọ́?"

Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé
a kì í fẹ́ ìyàngbò kí a da ọkà nù.
Mo gbé e mì.
Mo mọ ohun tó wà ní ojú ìwé kejì:

Stauffer, Nadine R.
Stauffer, Orrin J.

Ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì ni Orrin ti wà nílẹ̀
lẹ́yìn ilé ìjọsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko àgbàdo.
Adírẹ́sì rẹ̀ pé. Àyè ìfọwọ́sí rẹ̀ funfun báláú, ó ń dúró.
Fọ́ọ̀mù tó yẹ kí n kún ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti èṣí.
Mi ò ṣèrú o. Mi ò dìbò fún òkú rí.
Mo kàn fẹ́ kí a wà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún,
lórí ìlà méjì tó fara kanra,
bí a ṣe máa ń sùn.

Ojú aránṣọ kò gbàgbé ìlà, bó tilẹ̀ dorí kodò.
Verlene rí i. Ó wo Delbert, ó wò mí.
Ó rọra ní, "Orrin ṣì ń gbé òpópónà Sycamore, mo rí i."

Mo fún un ní ìwé ìdìbò alápòòwé,
èyí tí wọ́n á kọ́kọ́ wádìí, kí wọ́n tó kà á,
bí wọ́n bá kà á.
Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó sì tún un tọ̀,
bí ẹni tó ń fi òwú oníméjì rán ibi tó ya.

Lálẹ́ mo ṣí dúrọ́ọ̀.
Mo kún fọ́ọ̀mù náà dé ibi ìfọwọ́sí.
Yìnyín tún ti bẹ̀rẹ̀.
Mo ń gbọ́ ṣọ́bìrì Delbert lẹ́nu ọ̀nà.