Tábìlì Kìíní

Ulaanbaatar, oṣù kejì ọdún. Èéfín èédú
jókòó lórí ìlú bí ìdérí ìkòkò.
Ní àjà kẹta ilé ìwòsàn ọmọdé
Dókítà Dulmaa ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ ẹ̀rọ,
ó ń ka ọmọ ọlọ́mọ.

Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.
Bí a ò bá wá kà wọ́n, ta ni yóò gbà
pé ọmọ mọ́kànlélógójì
fa èéfín kan náà símú ní ìgbà òtútù kan?

Èmi ni mo ṣírò ìpíndọ́gba.
Mo ro gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi sùn síbí pọ̀,
ó jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùn-ún,
mo fi mọ́kànlélógójì pín in,
mo kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ 7.4390.
Inú mi dùn sí òdo tó kẹ́yìn yẹn.

Dulmaa bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
"Ilẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì fàlà kan sára káàdì.
Bí a ṣe ń ka ọjọ́ níbí nìyẹn.
Níbo lo ti wá rí ìdá ẹgbàárùn-ún ọjọ́?
Ó dáa. Fi ọmọ kan hàn mí tó lo méje."

Mo tú gbogbo káàdì.
Mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, márùn-ún, mẹ́fà,
àwọn mẹ́fà kan tó lo mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án.
Kò sẹ́ni tó lo méje.
Bilguun sì rèé, ọmọ ọdún méjì, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé,
ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.
Òun ló di ìpíndọ́gba lọ́rùn mú
tó wọ́ ọ lọ síbi tí èèyàn kankan ò gbé.

"Tò wọ́n," ó ní,
"láti orí ẹni tó tètè lọ dé orí ẹni tó pẹ́ jù.
Dúró lórí ọmọ kọkànlélógún."
Mo dúró. Anujin ni. Ọjọ́ márùn-ún.
Ọmọ tó mú ṣíbí wa lọ sílé,
kò sì mọ̀ pé òun ni agbedeméjì.

A kọ ọ́: márùn-ún.
Ìdajì tó wà láàárín, mẹ́rin sí mẹ́fà.
Tó kéré jù, mẹ́ta. Tó pọ̀ jù, 93.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Gombosuren pè wá lórí fóònù:
ẹ yọ ọmọ yẹn kúrò, ó ń ba tábìlì jẹ́.
Dulmaa ní, "Ọmọ ò ba nǹkan kan jẹ́.
Ìpíndọ́gba ni kò gbà á."
Ó gbé fóònù kalẹ̀ jẹ́jẹ́,
bí ẹni gbé ẹyin.

Ó ku àwọn méjì tí a kò rí ìwọ̀n wọn.
Yìnyín ń pa àgùntàn nílé, bàbá wọn kò lè dúró,
ó gbé wọn sórí ọkọ̀ kí nọ́ọ̀sì tó gbé òṣùwọ̀n dé.
Mo fẹ́ fi òdo dí àyè wọn.
Ó gbá mi lọ́wọ́.
"Òdo ni ọmọ tí kò wúwo rárá. Ǹjẹ́ o ti gbé irú rẹ̀ rí?
Kọ ọ́ pé méjì. Kọ ọ́ pé a kò mọ̀."

Nísàlẹ̀ tábìlì, ní lẹ́tà wínníwínní, ó fi kún un
pé ọmọ tó pẹ́ jù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde.
Mo ní àwọn olóòtú yóò gé e.
Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kà á ná."

Aago mọ́kànlá òru. A pa iná.
Ní yàrá kẹfà, ọmọ tuntun kan ń wúkọ́,
wọ́n gbé e dé lẹ́yìn tí a ti ti ìwé náà.
Kò sí nínú iye wa.
Dulmaa dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́ọ̀tù lọ́wọ́ kan,
ó ń fi ìka ka èémí rẹ̀.