Ọwọ́ Mi Ni Téèpù Yẹn

Aago mẹ́ta òru ti lọ díẹ̀ nígbà tí Ìyá Olápéjú pè mí.
Kò kí mi. Ó ní, "Láoyè, ilé àwọn ọmọ ti tutù."
Ọyẹ́ ń la ètè. Mo wọ bàtà tí kò bára mu,
mo gun ọ̀kadà láti Sábó dé Apákè,
omi ń bọ́ lójú mi, kì í ṣe ẹkún.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta òròmọdìẹ, ọmọ ọjọ́ mẹ́rin,
wọ́n gun ara wọn lórí ní igun kan
bí òwú tí afẹ́fẹ́ gbá jọ.
Wọn ò ké mọ́. Òròmọdìẹ tó ń ké ṣì ń bẹ̀bẹ̀;
èyí tó dákẹ́ ni kí o bẹ̀rù.

Mo fọwọ́ ba bọ́ílà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi.
Mo fọwọ́ ba páìpù tó wọ yàrá: ó tutù bí imú ajá.
Àárín méjèèjì ni fáàfù wà,
tó gbé mọ́tò kékeré lérí,
kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ.
Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó ṣílẹ̀kùn, kó tìlẹ̀kùn.
Bó bá ṣí tán, apá irin inú rẹ̀ á tẹ bọ́tìnnì kan,
bọ́tìnnì yẹn ló ń jí pọ́ǹpù.

"Ìwọ lo kú," ni mo wí fún un.
Mo ti rí èyí tó kú rí:
ẹfun inú omi kànga ẹ̀rọ a máa lẹ̀ mọ́ irin
bí èèpá mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò.
Mo tú mọ́tò kúrò lórí rẹ̀, mo fi ẹ̀mú yí ọ̀pá:
ó yí wẹ́rẹ́, bí ẹni tó bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó pè é.
Kì í ṣe òun.
Mo gbé mítà sẹ́nu wáyà: iná ń wọlé.
Mọ́tò kùn wúùù, apá irin rìn,
mo gbọ́ kẹ́.
Kì í ṣe òun náà.
Pọ́ǹpù sì dùbúlẹ̀ bí àlejò tí a ò jí.

Ìyá Olápéjú fọwọ́ kan tan tọ́ọ̀ṣì sí mi.
Ó fi ìkejì gbé òròmọdìẹ kan sẹ́nu, ó ń mí sí i.
Owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ tó kú ló wà nínú àwọn páìpù wọ̀nyí.
Kò sọ ọ́. Mo mọ̀.

Mo wá tọ wáyà aláwọ̀ ọsàn,
láti ẹnu bọ́tìnnì gba ẹ̀yìn bọ́ílà,
níbi tí ooru ti ń rọ nǹkan.
Ibẹ̀ ni mo ti bá a:
téèpù dúdú tó ti yọ́, tó là bí ètè ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀,
wáyà méjì tí a kàn lọ́ pọ̀, láìsí kónẹ́kítọ̀,
tí wọ́n ti jáwọ́ lára ara wọn.

Mo mọ ẹni tó ń lọ́ wáyà báyẹn.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sápá òsì, kó tó ká téèpù lé e.
Oṣù kẹjọ èṣí, òjò ṣú, mo ń kánjú,
mo ní, "Màá padà wá ṣe é dáadáa."

"Kí ló bà á jẹ́?"
Eku pọ̀ nílé adìẹ. Ǹ bá dì í ru eku.
Ẹnu mi tiẹ̀ ti là.
Mo ní, "Ìyá, ọwọ́ mi ni téèpù yẹn."

Kò fèsì. Ó sún tọ́ọ̀ṣì mọ́ mi.
Mo bó wáyà, mo fi kónẹ́kítọ̀ dè é,
mo gbé e jìnnà sí ooru.
Pọ́ǹpù wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún wúkọ́.
Páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun àsùbáà, ọ̀kan ké.
Ó pẹ́ díẹ̀ kí òmíràn tó dá a lóhùn.
Mọ́kànlélógún ò jí.
Mo kà wọ́n sínú garawa fúnra mi,
kò sẹ́ni tó ní kí n kà wọ́n.

Mo ní mi ò gbowó iṣẹ́.
Ó ní, "Owó iṣẹ́ wo? Jókòó, mu ògì."
Ògì náà gbóná.
Mo gbé e dání títí ó fi tutù.