Ìkẹta Rèé

Ẹ rọra, Àṣàbí ń sùn.
Aago méjì òru l'Ókè-Àdó,
iná fóònù mi ku díẹ̀ kó tán.
Wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún ti pa yunifásítì dà l'Amẹ́ríkà,
ìkẹta rèé. Òmíràn ló fowó fà á,
kó wá máa bá wọn gbé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó sá.
Ilé-ìwé ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́!
Èmi tí mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń jórin
nítorí owó Pólì Àṣàbí,
ìyanṣẹ́lódì sì dá a padà wálé.

Asọ̀ròyìn ń pè é ní “Mákan”.
Mo dá a lóhùn nínú òkùnkùn: Má-kánjú-ọlá.
Orúkọ ń ro ọmọ, ni wọ́n wí;
èyí ò tíì ro tiwa.

Àmọ́ tó bá fi lè kọjá ìlà yẹn ní Sátidé,
Àṣàbí á jí.
Gbogbo Òkè-Àdó á jí.