Màlúù Tí Kò Nírù

Wọ́n máa ń wí i bí ẹni ń ṣe àmín:
màlúù tí kò nírù, Olúwa ní ń bá a léṣinṣin.
Mo ní ọ̀kan ní Akùfọ̀, Pupa lorúkọ rẹ̀.
Lọ́dún èṣí ló ṣìnà wọ oko ẹ̀gẹ́ Fáṣeyì,
àdá gé ìrù rẹ̀ kí onílàjà tó dé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ẹ̀yìn Pupa,
mo ń retí Ẹni tí wọ́n ní yóò wá lé e.
Eṣinṣin ló ń dé.
Kì í ṣe ti ìdí àwo o, èyí tó ń gún ni bí abẹ́rẹ́ ni,
tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tó ń bò ó lójú bí ìbòjú opó.
Pupa ń janlẹ̀, kò jẹko, egungun ìhà rẹ̀ ṣe é kà.

Mo wọkọ̀ lọ Mọ́kọ́lá.
Obìnrin alóògùn ní, kí lo ń lò tẹ́lẹ̀?
Mo ní, ti ìgò aláwọ̀ ewé.
Ó ní, eṣinṣin ti mọ̀ ọ́n lójú. Pààrọ̀ rẹ̀.

Yẹ́rò yá mi ní pọ́ǹpù.
Mo pọ̀n ọ́n bí mo ṣe pọn Ìbídùn nígbà kan;
òun náà ń tọ̀ sí mi lára.
Yẹ́rò ní, Ìyá, ẹ fọ̀rá bo ẹ̀yìn,
ẹ má kọjú sí afẹ́fẹ́.
Mo fọ́n ọn sí i níkùn, léjìká, nítan,
mo yẹra fún ojú, mo yẹra fún ọmú.
Pupa fò, ó tún dúró.
Eṣinṣin ń já bọ́ sínú koríko
bí èèpo ìrẹsì níwájú ẹni tó ń fẹ́ ẹ.

Lékeléke mẹ́ta bà, wọ́n fẹ́ ṣa òkú jẹ.
Mo sọ bàtà lù wọ́n, mo kígbe bí wèrè:
ẹ kúrò ńbẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́
kí n tó mọ̀nà Mọ́kọ́lá,
ẹ má kú sí mi lọ́rùn.

Omi tí mo fi ṣan pọ́ǹpù, n ò dà á sódò.
Wàrà ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ ló mu ún.
Ọmọ Ìbídùn sunkún títí ó fi sùn.

Nírọ̀lẹ́, Fáṣeyì dúró lójú ọ̀nà,
kò wọlé, ó ń fọwọ́ họ ọrùn:
ṣé oògùn ṣẹ́ kù, ewúrẹ́ òun kò sinmi.
Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Mo wo ìgò.
Mo ní kó wá gbé pọ́ǹpù lọ́la.

Lẹ́yìn rẹ̀, Pupa ń jẹko,
ó ń ju kùkùté ìrù rẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì,
ó ń lé ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́.