Ta Ni Ń Jẹ́ Wọ́n-Ní?

Ilẹ̀ mì lóru, agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Ife já láti orí pẹpẹ, ajá ń hu,
ilé onígi wa ní Quelmén ń gbọ̀n
bí eyín ẹni tí òtútù mú.
Kí ilẹ̀ tó dákẹ́, ẹnu ti ṣí.

Wọ́n ní òkun ń bọ̀.
Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ẹ padà sùn.
Wọ́n ní àwọn ará òdìkejì omi ti kú tán.
Fóònù ń tàn lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà bíi tanátaná.
Arsenio gba ohùn kan láti ìlú ńlá,
ohùn ọkùnrin tó ń mí hẹlẹhẹlẹ,
tó ní òun lọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀:
ìgbì á ga tó ilé alájà mẹ́fà kí a tó ka ọgọ́rùn-ún.
A ka ọgọ́rùn-ún.
A ka igba.
Ohùn náà kò sọ orúkọ ara rẹ̀.

Ìyá ìyá mi, Eduvina Cárcamo, ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà,
ó da ìbora bo èjìká, ó ní:
Ta ni ń jẹ́ Wọ́n-ní?
Ọmọ ta ni? Ilé wo ló ń gbé?
Ṣé ó rí omi náà ni, àbí ó gbọ́ pé ẹnìkan rí i?
Bó bá parọ́, ilẹ̀kùn ta la ó kàn lọ́la?

Arsenio ní, "Màmá, ohùn rẹ̀ le."
"Àgbá òfìfo náà ń dún.
Ṣùgbọ́n ẹ gun òkè ná, gbogbo yín.
Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa,
òun kì í ṣe Wọ́n-ní.
Ìbéèrè yòókù, a lè bi í lókè."

Lókè, nínú ìrì, a bá Wenceslao Huenchur,
ẹni tó ti ń ka òpó ìwọnmi èbúté láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Awò ìríran wà lójú rẹ̀, ìwé wà lórí orúnkún rẹ̀.
"Ṣé ó ń bọ̀?" la kígbe.
"Mi ò tíì mọ̀."
Àwọn kan pòṣé. Ẹnìkan bú u.
"Omi ti fà sẹ́yìn, ó ti ṣí àmì mẹ́rin sílẹ̀ lára òpó.
Èyí ni mo rí. Ẹ bi mí lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún."

Èmi ni mo di àtùpà mú kó lè rọ́nà kọ̀wé.
Mo rí ìlà kan tó fi gègé fà lórí iye kan,
ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:
*Mo ṣì í kà lánàá. Mẹ́sàn-án ni, kì í ṣe méje. Èmi, W. H.*
Kò fi abẹ ha á dànù.
Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà,
mo sì máa ń fa ojú ìwé tí tíṣà bá fi tádàwà pupa kọ nǹkan sí ya.
Mo wo ìlà yẹn títí àtùpà fi tẹ̀ lọ́wọ́ mi,
tó ní kí n gbé e sókè.

Àmì mẹ́rin di mẹ́fà. Mẹ́fà di mọ́kànlá.
Nígbà náà ló dìde: "Ó ń bọ̀ wàyí. Ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀."

Ó dé lóòótọ́. Kò ga tó ilé alájà mẹ́fà.
Kì í sì í ṣe *kò sí nǹkan kan*.
Ó gbé èbúté, ó gbé ọkọ̀ méjì,
ó gbé ẹlẹ́dẹ̀ Arsenio nìkan ló kú.
Àwọn ará òdìkejì ń juwọ́ sí wa láàárọ̀, wọ́n pé.

Kí ọjọ́ kẹta tó pé, ọ̀rọ̀ ti ń yí nínú ìlú:
wọ́n ní Wenceslao ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó fi pa mọ́.
Eduvina ń bó ànàmọ́ lọ́wọ́.
"Ẹ gba àga fún un," ni ó wí,
"ó tún ti dé."