Àyè Ẹ̀gbẹ́ Mi

Lẹ́yìn ilé ìwòsàn Wẹ́sílì, ní Iléṣà, wọ́n ti múná lọ.
Èmi àti Fadérera pín okùn orin kan,
etí kan fún un, etí kan fún mi:
àwọn ọmọ Japáànù mẹ́ta kan tí ayé ò mọ̀,
gìtá wọn ń rọ̀ bí òjò lórí páànù.
A ò gbédè wọn. A ti há a sórí.

Ṣàdédé ló sọ ọ́:
"Ọdún méjì tí mo lò ní Osaka,
ọkọ̀ ojú irin á kún fọ́fọ́,
àyè ẹ̀gbẹ́ mi nìkan ló máa ń ṣófo.
Níbi eré àwọn wọ̀nyí gan-an
obìnrin kan fa irun mi wò.
Kò bi mí."

Mo fẹ́ bú wọn.
Ọ̀rọ̀ kọ́ mi lọ́fun.

Torí níjẹta,
àjèjì kan láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù
wá ra búrẹ́dì.
Àwọn ọmọdé ń pariwo, "Ṣáínà! Ṣáínà!"
Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.
Ó ka ṣéńjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò gbójú sókè.

Mo jẹ́wọ́ fún Fadérera.
Kò fèsì.
Kò sì yọ okùn létí.
Orin parí; ó tún un tẹ̀.